Ìpá Mẹ́ta fún Ìrìn-Àjò Òkè

Ẹni tó bá sọ pé ìdí ènìyàn kò lè gbé ènìyàn dé ipò ńlá, kò tíì gbé ìlú wa rí. Nílùú wa níbí, láàárín pápá gbalasa Kazakhstan, níbi tí a ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, ìdí ni gbogbo nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀. Arìnrìn-àjò òfuurufú kì í kàn gun àkàsọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dúró lẹ́sẹ̀ àkàsọ̀, yóò kọ ẹ̀yìn sí ọ̀gá, ọ̀gá yóò sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ta á nípàá díẹ̀ ní ìdí, ó dàbọ̀. Ìgbà náà ni yóò tó gòkè. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó dá àṣà náà sílẹ̀. Ìwé kún orí wa, a mọ ìṣirò tí ń gbé irin ọ̀ọ́dúnrún tọ́ọ̀nù kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ní ká má ta arìnrìn-àjò nípàá kó tó wọkọ̀, a óò wò ọ́ bí ẹni tó fẹ́ pa wá lọ́mọ.

Ẹni tí ìtàn yìí dá lé lórí ni Ipolit Savelyevich Zagrebin, Igbákejì Ọ̀gá Àgbà ibùdó ìfòsókè wa. Níbí, bí ènìyàn bá ti dàgbà, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ la máa ń pè pọ̀ láti fi bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n Ipolit Savelyevich kò gbà pé méjèèjì tó. Bí ó bá fẹ́ mu tíì, yóò ní, "Igbákejì Ọ̀gá Àgbà fẹ́ mu tíì." Bí òtútù bá mú un, yóò ní, "Òtútù ń mú ìṣàkóso." Àmì ẹ̀yẹ mọ́kànlá ló wà láyà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ìwé pé kí wọ́n fún òun ní gbogbo wọn. Ta ló buwọ́ lu àwọn ìwé náà? Àwa ni. Ẹ jẹ́ ká tètè jẹ́wọ́ kí ìtàn tó jìnnà: kò sí ìwà òmùgọ̀ kan tí ọkùnrin yìí hù tí àwa kò pàtẹ́wọ́ fún.

Ọdún méjìlélógún ló fi jẹ́ igbákejì. Ọ̀gá mẹ́rin ló ti sìn, ó sì ti gbé òdòdó lọ síbi ìsìnkú mẹ́ta nínú wọn, pẹ̀lú ìbànújẹ́ tó ní ìrètí nínú. Ẹ̀kẹrin ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń ṣe ségesège, wọ́n ti gbé e lọ sí Moscow, kò sì ní padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ìròyìn wá dé pé Mínísítà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá wo ìfòsókè oṣù kẹta, nígbà tí ènìyàn mẹ́ta láti ilẹ̀ mẹ́ta yóò gbéra lọ sí ibùdó tó ń yí ayé po lókè, àti pé ọjọ́ náà gan-an ló máa dárúkọ Ọ̀gá Àgbà tuntun. Awakọ̀ Mínísítà sọ fún awakọ̀ wa, awakọ̀ wa sọ fún alásè, alásè sì gbé e wá sórí tábìlì pẹ̀lú ọbẹ̀.

"Wọ́n ní Mínísítà fẹ́ wo ẹni tó máa ta wọ́n nípàá," ni alásè wí. "Wọ́n ní ó gbà pé ibi ìpá lèèyàn ti ń mọ olórí."

Ipolit Savelyevich gbé ṣíbí sílẹ̀. Àga Ọ̀gá Àgbà, tó fi awọ bora, tó ń yí bìrìbìrì, tó ti ń wò láti ẹnu ọ̀nà fún ọdún méjìlélógún, ó ku ìpá mẹ́ta péré kó jókòó lé e. Kò sí ohun mìíràn láyé tó tún fẹ́. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì bá a jiyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe Venyamin Borisovich, akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti mì fún "bẹ́ẹ̀ ni" débi pé kò mọ bí a ti ń mì í fún "rárá".

"Venyamin Borisovich, kí ni ìpá?"

Venyamin mọ̀ pé ọ̀gá òun kì í béèrè ọ̀rọ̀ nítorí ìdáhùn. "Kí ni ìpá, ọ̀gá?"

"Ìpá ni ìjọba. Ẹnikẹ́ni ló lè fi ọwọ́ dágbére. Ajá pàápàá ń fi ìrù dágbére. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá fẹ́ rán ọmọ rẹ̀ lọ sókè, ẹsẹ̀ ló ń lò."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ èyí sílẹ̀."

"Àṣé o kò tíì máa kọ ọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí Òfin Ìpá Ìdágbére, ojú ìwé mẹ́rìnlá. Ó sọ bí ẹsẹ̀ yóò ṣe ga tó, ibi tí atẹ́gùn yóò ti máa fẹ́ wá, irú ojú tí ẹni tó ń ta ìpá yóò gbé wọ̀, àti irú ojú tí ẹni tí wọ́n ń ta yóò gbé wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ló máa kọ. Wọ́n rán bàtà tuntun fún ọ̀gá, dúdú, ó ń dán, ó ga dé orókún, ó sì le bí igi. A pàtẹ́wọ́ fún bàtà náà nígbà tó wọ ọ́ jáde. Àwọn kan nínú wa sọ pé bàtà náà ti yí ìrìn ìlú padà.

Ìṣòro kan ló kù. Nínú àwọn mẹ́ta tó ń lọ, ọ̀kan ṣoṣo ni tiwa, ìyẹn Timofey Lukich Kruglikov tó jẹ́ olórí wọn. Èkejì ni obìnrin ará Italy, Dókítà Ornella Brusaferro. Ẹ̀kẹta ni ará Japan, Shigeto Nukada, onímọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn ọ̀gá àtijọ́ ti ń ta àlejò nípàá láti ọjọ́ pípẹ́ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, kò sì sí àlejò tó bínú rí. Ṣùgbọ́n Ipolit Savelyevich kì í ṣe ohun tó rọrùn bí kò bá tíì sọ ọ́ di líle. Ó kọ lẹ́tà sí ilé aṣojú ìjọba méjèèjì.

"Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó jinlẹ̀," ni lẹ́tà náà wí, "a ń bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ láti ta ọmọ orílẹ̀-èdè yín nípàá ní ìdí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìfẹ́."

Ìdáhùn àwọn ará Italy dé lọ́jọ́ kẹrin. Wọ́n ní àwọn kò rí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá Dókítà Brusaferro lẹ́tọ̀ọ́ láti ta tirẹ̀ padà. Ti Japan pẹ́ díẹ̀. Ìbéèrè mẹ́tàlélógún ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ìdí tí wọ́n yà láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè. Ìbéèrè kẹtàdínlógún ló dá ọ̀ràn sílẹ̀: báwo ni ìpá náà ṣe lágbára tó, ẹ fi iye kọ ọ́.

"Iye," ni Ipolit Savelyevich wí, inú rẹ̀ sì dùn. "Nǹkan tí kò sẹ́ni tó wọ̀n rí nìyẹn. Igbákejì Ọ̀gá Àgbà ni yóò kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n."

Láti wọn ìpá, a nílò ìdí. Ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìránṣọ, níbi tí Klavdia Nikitichna ti ń ṣètọ́jú aṣọ òfuurufú. Màmá Klava ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń rán aṣọ tí ènìyàn ń wọ̀ lọ sókè, kò sì sí ibi kan tó rán tó tú rí. Nínú gbogbo ìlú wa, òun nìkan ni kì í dìde bí Ipolit Savelyevich bá wọlé. Ẹsẹ̀ ń dùn ún ni àwa máa ń sọ fún ọ̀gá. Ẹsẹ̀ kò dùn ún o.

"Klavdia Nikitichna, ìṣàkóso nílò aṣọ àtijọ́ kan. A fẹ́ ki owú sínú rẹ̀, ká máa fi dánra wò."

"Kí ẹ máa ta á nípàá?"

"Kí a máa wọ̀n ọ́n."

"Aṣọ mi kì í ṣe bọ́ọ̀lù." Kò gbójú sókè kúrò nídìí abẹ́rẹ́. "Ẹ tún wá nǹkan mìíràn ta. Ṣùgbọ́n Ipolit Savelyevich, ẹ gbọ́, mi ò sọ ọ́ láti fi yín ṣẹlẹ́yà. Ẹ ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó ti tó ogún ọdún tí ẹ kò gbé ẹsẹ̀ yẹn ju orí ìtẹ́lẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ kó sinmi títí di ọjọ́ náà."

"Ẹsẹ̀ Igbákejì Ọ̀gá Àgbà kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán."

"Ó ní egungun nínú bíi ti gbogbo wa," ni màmá wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó fi ìbínú jáde. Venyamin tó ń tẹ̀ lé e rí i pé inú ń bí ọ̀gá, ó sì rí ọ̀nà àbáyọ tí ìran rẹ̀ yóò máa fi yangàn. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ká ẹ̀wù sókè, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ọ̀gá.

"Ọ̀gá," ló wí, "kí ló dé tí a ó fi lo owú nígbà tí òṣìṣẹ́ wà?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má rẹ́rìn-ín sí i. Ká tó ṣẹ́jú, ìlà ti tò láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì títí dé ilé oúnjẹ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá. Àwọn olùṣírò owó wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti kọ ìwé mẹ́ta lórí epo rọ́kẹ́ẹ̀tì wá, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣíwájú nítorí ọjọ́ orí òun. Wọ́n so òṣùwọ̀n kan mọ́ ìdí wa, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ọ̀dùnkún, ọ̀gá ń ta, Venyamin ń kọ iye sílẹ̀. Bí ìpá bá ti bà wá, a óò yí padà, a óò tẹríba.

"Ọ̀gá, ó wọ̀ mí lára dé ọpọlọ."

"Ọ̀gá, láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún kà mí sí báyìí."

Àwọn tí ìpá wọn lágbára ju ti àwọn yòókù lọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéraga láàárín wa. Ẹni tó gba ìpá méjì kò bá ẹni tó gba ẹyọ kan jókòó jẹun mọ́. Àwa tí a ń sọ ìtàn yìí wà ní ipò kọkàndínlógún lórí ìlà, inú wa sì dùn gan-an pé a kò sí ní ogún.

Ẹni kẹtàlélógójì ni ayàwòrán ilé-iṣẹ́ wa, ọkùnrin tó sanra. Ọ̀gá fẹ́ kí tirẹ̀ ta yọ. Ó fà sẹ́yìn, ó gbé bàtà líle náà sókè fìn-ìn, gbogbo wa sì gbọ́ nǹkan tó ró kẹ̀ẹ́ ní ìbàdí rẹ̀. A pàtẹ́wọ́. A rò pé ara rẹ̀ ni.

Bí ojú Ipolit Savelyevich ṣe funfun, kò sẹ́ni tó gbà pé òun rí i. Ó ní wọ́n ti wọn ìpá tó. Láti ìṣẹ́jú náà lọ, ó ń tiro. Nínú ilé, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn títì, ìyàwó rẹ̀ ń fi òróró ra á ní ìbàdí, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ rí dókítà. Ó kọ̀. Bí dókítà bá mọ̀, dókítà yóò kọ ọ́ sílẹ̀, bó bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò ta ìpá, ẹlòmíràn ni yóò sì jókòó lórí àga. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ.

Àwa ńkọ́? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ọ́fíìsì ti ń tiro. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀. A kàn rí i pé ọ̀gá ti gbé ìrìn tuntun dé, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n bá òun nídìí ìrìn àtijọ́. Venyamin fi ẹsẹ̀ òsì tiro fún odindi ọjọ́ kan kí ẹnìkan tó ṣàánú rẹ̀, tó pè é sí kọ̀rọ̀, tó sì sọ fún un pé ọ̀tún ni.

Ọjọ́ pé. Òtútù ṣì wà nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run mọ́ kedere, àwọn ẹbí àwọn arìnrìn-àjò sì dúró lẹ́yìn okùn, wọ́n ń juwọ́. Bọ́ọ̀sì gbé àwọn mẹ́ta dé ẹsẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ funfun tí Màmá Klava rán, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rán aṣọ náà fún ẹni tó máa jókòó, olúkúlùkù sì gbé àpótí kékeré tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lára lọ́wọ́. Mínísítà dúró, ọ̀wọ́ kámẹ́rà dúró, Màmá Klava náà dúró lẹ́yìn gbogbo wọn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú nínú àpò, bó ti máa ń ṣe.

Ipolit Savelyevich bọ́ síwájú. Ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ojú ìwé mọ́kànlá.

"Láti ìgbà tí ọmọ ènìyàn ti kọ́kọ́ dìde dúró," ló bẹ̀rẹ̀, "kí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá? Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ń wá ẹni tó máa rán níṣẹ́."

Ohùn Dauren Sabitovich jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Òun ni olùdarí ìfòsókè, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló wà pẹ̀lú àwọn aago rẹ̀. Kò wá síbi ayẹyẹ kankan rí. "Ipolit Savelyevich, ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ ní."

"Ní ọ̀nà kìn-ín-ní—"

"Méjì àbọ̀. Ibùdó tó wà lókè yẹn ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá pàdánù àkókò yìí, wọn ò lọ lónìí."

Ipolit Savelyevich ká ìwé sápò. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, nínú òtútù náà. Timofey Lukich kọ ẹ̀yìn sí i lẹ́sẹ̀ àkàsọ̀, ó tẹ̀, ó ń retí. Igbákejì Ọ̀gá Àgbà wo ojú Mínísítà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Ẹsẹ̀ náà gbéra lóòótọ́. Ó dé ìwọ̀n orókún, ó kọjá rẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Kò lọ sókè mọ́, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ ti há pátápátá. Ó na bàtà dídán náà sínú afẹ́fẹ́, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bíi lékeléke, Venyamin sì sáré wá fi èjìká tì í kó má baà ṣubú.

"Ipolit Savelyevich," ni Timofey Lukich wí láìyíjú padà, "mo ń dúró o."

"Igbákejì Ọ̀gá Àgbà ń... ń ronú."

"Ìṣẹ́jú kan," ni ohùn Dauren wí.

Venyamin rọra sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé èyí sílẹ̀, ká fi òsì ta wọ́n."

Timofey Lukich gbọ́. Ọkùnrin tó ti lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì ni, tí kò bẹ̀rù iná tàbí òkùnkùn. "Òsì kẹ̀? Mi ò ní gòkè pẹ̀lú ìpá òsì. Ìyàwó mi ń wò mí lẹ́yìn okùn yẹn."

"Kò lọ mọ́, Timofey Lukich," ni Ipolit Savelyevich wí, ohùn rẹ̀ sì ti kéré. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjìlélógún, kò dárúkọ oyè rẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi ò lọ mọ́."

Timofey Lukich ronú díẹ̀. "Ó dáa. Ẹ fi í síbi tó wà yẹn. Ẹ má mira."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Àpótí atẹ́gùn lọ́wọ́, aṣọ wúwo lọ́rùn, ó ń fi ẹ̀yìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ìdí rẹ̀ fi kan bàtà náà. "Mo ti gbà á," ló wí. "Ẹ ṣeun." Ó sì gbọ̀nà àkàsọ̀.

Ornella Brusaferro ló kàn. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó yí ẹ̀yìn padà. Ó fi ìdí kan bàtà, ó ní, "Bàbá, wọ́n ní mo lẹ́tọ̀ọ́ láti san án padà. Mo ti fi jì yín."

Shigeto Nukada kọ́kọ́ tẹríba fún bàtà náà. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó wọn ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó fi ẹ̀yìn rìn ín, ó dúró. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti kàn?"

"Ó ti kàn," ni Ipolit Savelyevich wí.

"Mo máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Agbára ìpá náà: òdo."

Mínísítà ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó àkàsọ̀ mú, omi ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tí àwa rí i pé Mínísítà ń rẹ́rìn-ín, a rí i pé ọ̀rọ̀ náà pa ènìyàn lẹ́rìn-ín lóòótọ́, àwa náà sì rẹ́rìn-ín. Àwa mẹ́tàlélógójì tí a gba ìpá lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Kámẹ́rà gbé gbogbo rẹ̀ lọ káàkiri ayé, kò sì fo ẹnikẹ́ni nínú wa.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn aláìsàn, ẹsẹ̀ náà ṣì ń tọ́ka sókè, wọ́n sì fi ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé e lọ síbi tí àwọn òǹwòran ń dúró sí, jìnnà sí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Òfin ibùdó wa ni pé bí ìfòsókè bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kúrò níbi àwọn òǹwòran títí rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò fi lọ. Nítorí náà ibẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìrora kan. Ó lé ní wákàtí méjì tó fi wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá kí i. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́. Àǹjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnìkan.

Màmá Klava nìkan ló wá. Ó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà méjèèjì, ó jókòó sí ẹnu rẹ̀, ó fún un ní búrẹ́dì àti tíì gbígbóná nínú ìdérí fílásíìkì.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín?" ni Ipolit Savelyevich béèrè.

"Mínísítà sunkún."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Klavdia Nikitichna?"

"Èmi? Eyín tí wọ́n ṣe fún mi já bọ́. Ẹ mu tíì yín."

Ó mu ún. "Ta ló yàn?"

"Kò tíì sọ."

Lóòótọ́, ìgbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra ni Mínísítà sọ ọ́, níwájú wa. Ó ní ó rẹ òun lára láti máa wo àwọn tó ń ṣayẹyẹ. Òun fẹ́ ẹni tó mọ aago. Dauren Sabitovich ni Ọ̀gá Àgbà. Kò tíì pa ẹnu dé tí àwa fi ti ya lọ síbi tí bọ́ọ̀sì dúró sí, nítorí ẹyọ kan péré ló wà, ẹni tó bá sì jókòó níwájú ni yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Dauren bí wọ́n bá ti ṣí ọ̀nà. Gbogbo ẹsẹ̀ tó ti ń tiro láti ọjọ́ mẹ́jọ, ó dá ṣáṣá. Venyamin ló ṣíwájú, ó gbé òdòdó tó rà fún Ipolit Savelyevich dání, ó ń fi eyín já káàdì orúkọ kúrò lára rẹ̀ bó ti ń sáré. A gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ilé ìwòsàn náà kọjá. Ipolit Savelyevich rí wa.

Ìgbà náà ni ilẹ̀ mì.

Iná kọ́kọ́ yọ, kò tíì sí ariwo. Lẹ́yìn náà ni ariwo dé, ó gba inú ilẹ̀, ó gba inú irin ọkọ̀, ó wọ inú egungun ìbàdí ọkùnrin tó dùbúlẹ̀. Màmá Klava ti dìde, ó dúró ní ẹnu ìlẹ̀kùn, ó fọwọ́ bojú.

"Klavdia Nikitichna," ni Ipolit Savelyevich wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Mi ò rí i."

Ẹnu ya màmá, ó sì sún. Lórí ìdùbúlẹ̀, láìsí ohun mìíràn tó lè wò, ó rí i láti ilẹ̀ títí dé òkè: ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ènìyàn mẹ́ta lọ, tó ń dín kù, tó tẹ̀ síhà ìlà-oòrùn, tó di ojú abẹ́rẹ́, tó sì parẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, omi sì wà lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ṣebí ẹ wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, láti ọdún méjìlélógún. Kí lẹ máa ń wò?"

Ó ronú sí i tọkàntọkàn. "Ojú Mínísítà," ló wí. "Láti mọ̀ bóyá ó ń gbádùn rẹ̀."

Ìtìjú mú un, ó jinlẹ̀, ó sì dùn ún. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ nínú ikùn rẹ̀, ẹ̀rín ara rẹ̀, irú èyí tí kò rín rí. Ó dun ìbàdí rẹ̀ gan-an, kò sì lè dá a dúró. Màmá Klava náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ kan di eyín rẹ̀ mú. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, rédíò inú ọkọ̀ ní àwọn mẹ́ta ti dé òkè, ara wọn le, ibùdó ń dúró dè wọ́n.

Àwa kò rí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Inú bọ́ọ̀sì la wà, a ń jà sí àga iwájú, a sì kọ ẹ̀yìn sí ojú fèrèsé. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà tuntun, tí a kó òdòdó síwájú rẹ̀, tí a ní kó bá wa sọ̀rọ̀, ó ní ká máa lọ, òun ń ṣiṣẹ́. A pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́rin.